Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Rí àti Aràn Tí Mo Búra Lé Lórí

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ẹ dìde lórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí ẹ wo ìsàlẹ̀, tí ẹ rí pupa, tí ẹ sì yára da omi lé e kí ará ilé tó rí i, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ yín. Èmi náà ti da omi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ fìdí balẹ̀, bí ìdí náà bá ṣì ṣeé fi balẹ̀, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Dáúdà lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Bàbá Àbùmọ́ ni wọ́n ń pè mí láti ibùdókọ̀ Ṣakí títí dé Agbowó níbi tí mo kọ́lé sí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ìyókù tó yẹ kí n kà, ìdí sítíárìn ni mo wà. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi wa lọ́rì, tí mo ń kó èlùbọ́ àti èédú wá sí Ìbàdàn. Bí ẹ bá fẹ́ gbà mí gbọ́, mo ti sáré ju òjò lọ rí, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ mi rin ṣìnkìn, iwájú ẹ̀ gbẹ. Mo ti gbé erè kan láti Ìsẹ́yìn dé Mọ́níyà rí, ó rò pé páìpù èéfín ọkọ̀ mi ni ìyá òun. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àwọn èèyàn mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀, a jọ ń rẹ́rìn-ín ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà tí mo pa tí ẹni tí mo pa á fún kò mọ̀ pé irọ́ ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú bírò.

Ràimi lorúkọ ẹni náà. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ mi ni fún ogún ọdún. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́rì rí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí a bá ń gun òkè tí ẹrù sì wúwo, tí ọkọ̀ bá fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn, Ràimi ni yóò bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi wẹ́ẹ̀jì, tí yóò sáré lọ ti igi náà bọ ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ má bàa lọ mọ́. Ara ẹ̀ wà lẹ́yìn táyà nígbà yẹn, ẹsẹ̀ tèmi ló sì wà lórí bíréèkì. Bí mo bá ní bọ́ sílẹ̀, yóò bọ́ sílẹ̀ ni. Kò bi mí rí bóyá bíréèkì náà dára.

Ó dáa. Àìsàn mi kò ti inú ìdí bẹ̀rẹ̀. Orí ìlà ló ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé mi, àwọn ọmọ yunifásítì ló gba mẹ́jọ níbẹ̀, tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì ni gbogbo wa ń lò. Ẹ wá wò mí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, búùtà lọ́wọ́ mi, ọmọdébìnrin mẹ́ta tó ró táwẹ̀lì wà níwájú mi. Wọn a kúnlẹ̀, wọn a ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Láńlọ́ọ̀dù, ẹ máa kọjá síwájú." Gbogbo ìlà mọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe, wọ́n á sì máa gbọ́ ohùn ẹ̀ látìta. Ojú ń tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí gbogbo wọn lọ síléèwé tán. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ dà bí àlejò. Bí o bá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò padà sílé ẹ̀, ọjọ́ tó bá sì tún máa wá, ẹrù ni yóò kó wá bá ọ.

Mo tún wá dín omi mímu kù, kí n má bàa máa jáde lemọ́lemọ́. Eyín mi kò gba ẹ̀fọ́ mọ́, búrẹ́dì àti tíì ni mo ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́. Orúnkún ń dùn mí, mo ń ra oògùn ìrora lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, mi ò mọ̀ pé àwọn kan wà nínú oògùn bẹ́ẹ̀ tó ń so inú. Ọjọ́ mẹ́ta di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́fà, mi ò lọ. Mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé ìran erè ni wá ní Ṣakí, pé erè tó bá gbé ẹtu mì, ó di oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọn ò mọ̀ pé ikùn mi ti le bíi táyà tí wọ́n fẹ́ jù.

Àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀. Ilé ti dá. Mo jókòó, mo di ògiri mú, mo fún ara mi bí aboyún tó ń rọbí. Nǹkan ya mí nísàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ fa aṣọ. Ohun tó jáde kò ju kóró iṣin lọ, ó sì le bíi kóró iṣin. Nígbà tí mo wolẹ̀, àwo funfun ti pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ náà pupa fòò, ó sì ń kán. Gbogbo ìtàn tó wà lẹ́nu mi láyé gbẹ. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bàbá mi, tó ṣàìsàn fún ìwọ̀nba ọjọ́, tó kú, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ ohun tó pa á fún wa ju pé inú ni.

Mo da omi sí i, mo tún da òmíràn. Ìyá Sídí, ìyàwó mi, bi mí pé kí ni mo ń fi omi tó pọ̀ tó báyẹn ṣe. Mo ní mo ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni. Ó wò mí. Láti ọdún márùndínláàádọ́ta tí a ti fẹ́ra wa, mi ò fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì rí.

Ẹ mọ̀ wá, àwa Yorùbá. Ohunkóhun tó bá ti ìdí wá, orúkọ kan ṣoṣo la ní fún un, jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣúgà ló fà á, àgbo ló ń wò ó, kò sí ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. Èmi náà ò bèèrè. Mo fi ṣúgà sílẹ̀, mo lọ bá ìyá kan tó ń gbé àgbo kiri ní oríta wa, mo ra ìgò kan. Ó fọ̀ mí bí ẹni fọ tánńkì epo. Ọjọ́ méjì ni mo fi sá lọ sá bọ̀, ojú mi kó wọnú, ilẹ̀ ń yí mi. Mo ní mo ti bọ́. Lọ́jọ́ kẹrin inú mi tún dákẹ́. Omi ti tán lára mi, èyí tó tún wá le ju tàkọ́kọ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ sì tún dé. Mo lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́míìsì kí n lè fi dí èyí tó ń jò, ìyẹn náà tún so inú mi pọ̀, ìgbẹ́ mi dúdú, ó gbẹ. Mo gbé èédú fún ọdún méjìdínlógójì, mi ò mọ̀ pé èmi náà á padà máa ṣe é.

Ibi tí mo wà nìyẹn lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Ràimi wá, bó ti máa ń wá lẹ́yìn ìrun. Ó ti fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ tipẹ́, ó ń ṣe mẹ́gáàdì ní ọ́fíìsì kan ní Onírèké, Òkè-Àdó ló ń gbé. A tẹ́ dráfù sábẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé mi. Mo jẹ ọmọ dráfù ẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kò jà, kò bú mi. Mo bi í bóyá ó ti ń sùn ni.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ń rí ẹ̀jẹ̀ nídìí."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣú díẹ̀, ó ń pò mọ́ ìgbẹ́. Ìgbẹ́ fúnra ẹ̀ ti tín-ín-rín bí okùn bàtà, bó bá sì ṣe tán, ó máa ń ṣe é bí ẹni tí kò tíì ṣe tán. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa. Kọ́là ẹ̀wù ẹ̀ ti fẹ̀ ju ọrùn ẹ̀ lọ. Ó ní ìyàwó òun ti ní dandan ni kí òun lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì ti yọ̀ǹda òun níbi iṣẹ́. Ó kàn fẹ́ gbọ́ tẹnu mi ni.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì gbẹ lára ṣòkòtò mi. Ohun tó yẹ kí n sọ kò gùn: Ràimi, èmi náà ń rí i, ẹ̀rù ń bà mí, jẹ́ ká jọ lọ. Kò jáde. Èmi lọ̀gá ẹ̀, èmi ni mo máa ń sọ fún un pé òkè yìí ò le. Mo la ẹnu, ìtàn ló jáde. Mo ní ìyẹn náà lò ń torí ẹ̀ fajú ro? Mo ní lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ tèmi kún péèlì. Mo ní ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kan ṣoṣo ni mo mu, lọ́jọ́ kẹta aràn kan jáde, ó gùn tó bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, ó tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn wò mí kó tó máa lọ, láti ìgbà náà ni ìdí mi ti di ti ọmọ tuntun.

Ràimi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ọ̀gá, mo mọ̀ yín. Ẹ fi àwàdà sílẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni àgbo yẹn wò yín?"

Kọ́kọ́rọ́ lọ́rì mi wà lápò mi. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti tú lọ́rì náà tà tipẹ́, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù tí mo ń mú kiri. Ẹ jẹ́ kó yé yín: àwa awakọ̀, mùsùlùmí ni wá o, kìrìsìtẹ́nì ni wá o, a kì í fi irin ṣeré. A lè purọ́ fún ọlọ́pàá, a lè purọ́ fún ìyàwó, a lè purọ́ fún ẹni tó ni ẹrù. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá ti fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹ̀ kan ahọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí. Nínú ogún ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Ràimi rí mi tí mo ṣe é, òótọ́ sì ni méjèèjì.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà, mo fi kan ahọ́n, mo ní, "Àgbo ló wò mí."

Ràimi mí kanlẹ̀. Ó ní ó tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọmọ dráfù tuntun. Kò lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ Ajé.

Oṣù méjì kọjá lórí ìyẹn, Ràimi ò yọjú lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́, èmi náà ò sì wá a lọ. Èmi ò jìnnà sí àgbo, ẹ̀jẹ̀ náà ò jìnnà sí mi. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun lọ kírun. Bí mo ṣe dìde láti ìforíkanlẹ̀, ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi bọ́ agbádá ẹ̀, ó fi bo ẹ̀yìn mi, ó mú mi lápá jáde láìsọ nǹkan kan. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀ títí di òní. Nígbà tí mo délé ni mo rí ohun tó bò.

Ìyá Sídí ò pariwo. Ó rẹ ṣòkòtò náà sómi, ó jókòó tì í, ó ń wo bí omi ṣe ń pọ́n. Ó ní, "Ohun tí ẹ torí ẹ̀ ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìyí." Ó wá pe Sídí, ọmọ wa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road.

Kí Sídí tó dé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àwáwù, ti gbọ́ ní Ṣakí. Ó wọkọ̀ wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú jálá àgbo kan. Ó ní, "Dáúdà, bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kan ìdí àgbàlagbà, kò ní lè di nǹkan mú mọ́. Ṣé pámpá lo fẹ́ máa wọ̀ lọ kírun?" Ó ń fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n omi wà lójú ẹ̀. Ẹ má bú u. Ọkọ ẹ̀ wọ tíátà ọsibítù, kò jáde mọ́. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, bó ṣe máa sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Sídí kúnlẹ̀ kí i, ó gbé jálá náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Bàámi, ìgò mélòó lẹ ti mu?" Mo ní bíi mẹ́fà. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ dúró?" Mo yíjú sí ògiri. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí jálá yìí dúró níbí. Àwa ń lọ lọ́la."

A dé ọsibítù ńlá náà kí oòrùn tó yọ. Mo bá ìlà. Ìlà káàdì, ìlà ibi tí a ti ń sanwó, ìlà ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, ìlà dókítà. Èmi tí mo sá fún ìlà ẹni mẹ́ta nínú ilé ara mi, mo lo ọjọ́ kan gbáko lórí ìlà, ìdajì ìdí ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn àgbà bíi tèmi ló kún ibẹ̀, kálukú ń wo ilẹ̀. Mo wá mọ̀ pé bó bá jẹ́ pé a lè wo ojú ara wa ni, ọ̀pọ̀ wa ì bá ti dé síbẹ̀ tipẹ́.

Dókítà náà kéré, ẹgbẹ́ ọmọ-ọmọ mi ni. Ó bi mí ní ìbéèrè, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn erè fún un. Ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó wá gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìtàn yín dùn. Ẹ wá sọ òótọ́ ẹ̀ wàyí, torí òótọ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ fún lóògùn." Mo sọ ọ́. Búrẹ́dì, omi tí mi ò mu, oògùn orúnkún, àgbo, ìlà àárọ̀, gbogbo ẹ̀. Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, kí n ká orúnkún mọ́ra, ó fi ìka kan wò mí. Ẹ̀yin tí èyí ń dẹ́rù bà, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìtìjú tí mo ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá, kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ó ní ó jọ pé ìgbẹ́ líle ló ya mí lára, tó sì jẹ́ kí àwọn iṣan inú ìdí wú. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀jẹ̀ ìdí àgbàlagbà kì í ṣe ohun tí à ń méfò, pé nǹkan mìíràn lè fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀, àfi kí wọ́n ki rọ́bà tó ní kámẹ́rà wò mí nínú ìfun. Wọ́n ní kí n padà wá fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo ti dìde kí n tó bi í. Mo ní, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá wá ṣú ńkọ́, tó ń pò mọ́ ìgbẹ́, tí ìgbẹ́ sì tín-ín-rín, tí ẹni náà sì ń rù?

Ó gbójú sókè. "Ṣé tiyín ni, Bàbá?"

Mo ní rárá, ti ẹnì kan ni.

Ó ní, "Kí ẹni náà tètè máa bọ̀."

Mo pe Ràimi lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Inú ẹ̀ dùn láti gbọ́ ohùn mi. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti wà lórí ìgò kẹrin. Aràn náà kò tíì jáde."

Mo ní bóyá kó yọjú sí dókítà. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ìyẹn ò ní ba iṣẹ́ àgbo jẹ́? Ẹ̀yin ò kúkú lọ sọ́dọ̀ dókítà kankan kí aràn tó jáde lára yín." Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ wo ibi tí mo dé. Gbólóhùn kan ló kù. Mo gbé fóònù sétí, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi, mo ní kó fi sùúrù sí i. Mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé bí tèmi bá ti yanjú, n ó lọ bá a fojúkojú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ti owó kámẹ́rà yẹn, mi ò ní kà á fún yín. Ó wọ́n. Mo ṣáà rí i pé fíríìsà tí Ìyá Sídí fi ń ta omi tútù kò sí níbi tó máa ń wà mọ́, kò sì sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́. Ọjọ́ náà pé, wọ́n fún mi ní omi kan mu kí inú mi lè mọ́, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, mo sùn, wọ́n wò mí. Nígbà tí mo jí, dókítà ní ìfun mi mọ́, pé ibi tó ya àti iṣan tó wú yẹn náà ni. Sídí sunkún. Èmi sọ fún un pé mo fẹ́ lọ sí Òkè-Àdó. Ó ní, "Bàámi, ẹsẹ̀ yín ò tíì múlẹ̀ dáadáa." Mo ní ká lọ. A wọ ọkọ̀ Máíkírà dé Dùgbẹ̀, a wọ òmíràn.

Mo bá Ràimi lórí àga lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ìdajì ẹni tó wá ta dráfù lọ́dọ̀ mi ni mo bá. Ó fẹ́ dìde kí mi, mo dá a dúró. Mo sọ fún un. Mo ní kò sí aràn, àgbo kò wò mí, ọsibítù ni mo ti ń bọ̀ báyìí. Mo ní lọ́jọ́ yẹn gan-an lábẹ́ igi fúrúùtù, mo ń ṣẹ̀jẹ̀.

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi irin búra."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà, mo fi lé e lọ́wọ́.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà lọ́jọ́ kejì. Ó bi í pé láti ìgbà wo, kí ló sì dé tí kò fi tètè wá. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ń retí ìdájọ́ mi. Ràimi ní, "Iṣẹ́ ni ò jẹ́." Títí tó fi kú, kò sọ ọ́ fún ìyàwó ẹ̀, kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀. Ó tún ti ti igi bọ ẹ̀yìn táyà fún mi.

Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní ó ti kọjá inú ìfun, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Mo bi dókítà níkọ̀kọ̀ bóyá ká ní ó wá lọ́jọ́ Ajé yẹn ni, kì bá rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò lè sọ. Mo mọ̀ pé àánú ló fi dá mi lóhùn, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá àánú náà ṣe mí lóore.

Oṣù márùn-ún ló fi wà láyé lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń lọ, mo ń gbé pátákó dráfù dání, a kì í sábà ta á. Ìgbà tó kù díẹ̀, ó ní kí n sọ ìtàn aràn yẹn fún òun. Mo ní mi ò lè sọ ọ́. Ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́, péèlì ẹ̀jẹ̀, àgbo, ọjọ́ kẹta, aràn tó gùn láti ibí dé géètì. Ó rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. Ó ní, "Ó ti gùn sí i o, Ọ̀gá. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì lẹ pè é lọ́jọ́sí." Ó wá fọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́ fún ẹlòmíì mọ́." Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni a sin ín.

Ara mi ti yá. Ó yẹ kí n sọ bó ṣe yá, torí ẹ̀ lẹ ṣe ń ka ìwé yìí. Mò ń mu omi, kì í ṣe ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ mí nìkan, láti òwúrọ̀ ni. Ìyá Sídí ń gé ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́ tí eyín mi fi ń gbà á, ó ń se ẹ̀wà kó rọ̀, ìbẹ́pẹ kì í wọ́n nílé. Wọ́n gba oògùn orúnkún àtijọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní òmíràn, wọ́n sì fún mi ní èyí tí mò ń pò sómi tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mò ń jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú báfù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ibi tó ya jinná. Mò ń rìn láàárọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníwèé fótókọ́pì, mo sì ń padà. Bí ìgbẹ́ bá ti ń gbọ̀n mí, mi ò dá a dúró mọ́. Mo ń gbé búùtà mi, mo ń tò sórí ìlà. Àwọn ọmọbìnrin náà ń kí mi, mò ń kí wọn, bí wọ́n bá ní kí n kọjá síwájú, mo ń kọjá. N kì í fún ara mi mọ́. Mo máa ń wo ìsàlẹ̀ kí n tó da omi sí i, ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ ti dúró. Bí ó bá tún kán lọ́la, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ọsibítù ni, mi ò ní bi ọ̀rẹ́ léèrè.

Tiyín lè jẹ́ bíi tèmi. Tiyín lè jẹ́ bíi ti Ràimi. Pupa kan náà ni nínú àwo, ẹ ò lè fojú mọ̀ ọ́n, èmi náà ò lè mọ̀ ọ́n fún yín. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìgò kan ṣoṣo ló wo òun, ẹ lọ rí dókítà ná, kí ẹ tó wá bá a rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ inú ilé ṣì máa ń ní kí n sọ ìtàn. Mò ń sọ ti òjò, mò ń sọ ti erè. Ti aràn, ẹ̀yin ni mo sọ ọ́ fún kẹ́yìn, Ràimi á sì dárí jì mí pé mo sọ ọ́, torí bí mo ṣe fẹ́ kó parí nìyí. Kò sí aràn kankan. Kò sí i rí. Mi ò fi irin kan ahọ́n láti sọ èyí fún yín. Mo kàn sọ ọ́ ni.